Eyín tí kò tíì yọ là ń bẹ̀rù, èyí tó ti yọ la pa tì

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ̀yin bàbá ọmọ, ọ̀dọ̀ yín lọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí ń lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ká má fi igbá kan bo ọ̀kan nínú.

Tí ara ọmọ oṣù mẹ́fà bá ń gbóná ní Ọ̀fà níbí, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni pé, "Eyín ló fẹ́ yọ." Tó bá ń ṣu gbuuru, eyín ni. Tí kò bá sùn lóru, eyín náà ni. Gbogbo ilé á dìde, wọ́n á máa wá oògùn eyín kiri. Àmọ́ tí eyín ọ̀hún bá yọ tán, tó funfun báláú, ẹ̀rù ò ba ẹnikẹ́ni mọ́. Ọjọ́ tó bá dúdú, tó lu ihò, tí ọmọ ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, tó ń sunkún, wọ́n á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ṣebí eyín ọmọdé ni, yóò jábọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí dojú rú pátápátá. Ibi tí kò séwu là ń sá fún, ibi téwu wà gan-an la jókòó sí.

Ẹ ò ní gbàgbé oògùn "My Pikin". Oògùn olómi tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yọ eyín ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àjọ NAFDAC, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, kéde fáyé gbọ́ pé májèlé ti wọ inú ẹ̀, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol. Kíndìnrín ni kẹ́míkà yẹn ń bà jẹ́. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀, àwọn ọmọ tó kú ti lé ní 80. Àwọn ìyá tó lọ ra oògùn yẹn ò ṣe ìkà o, eyín ni wọ́n ń bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà ti sọ ọ́ títí pé eyín yíyọ kì í fa ibà líle, kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbà tí eyín ń yọ náà ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rá, tó ń he gbogbo nǹkan tó bá rí sẹ́nu, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru ti sábà máa ń wá. Ọmọ tára rẹ̀ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù kí wọ́n wò ó bóyá ibà ni. Ẹ má dá eyín lẹ́bi.

Ó wá ku eyín tó ti yọ.

Àwọn baba wa ní kòkòrò ló ń jẹ eyín. Wọn ò purọ́, àmọ́ kì í ṣe kòkòrò tó ń rá pálá bí ìdin. Ẹni tó bá ta oògùn fún yín nínú mọ́tò, tó ní kòkòrò já bọ́ látinú eyín, ó kàn fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín ni. Èyí tí à ń sọ yìí, ojú lásán ò lè rí i. Ògúnná gbòǹgbò wọn ni wọ́n ń pè ní Streptococcus mutans. J. Kilian Clarke ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ nílùú Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924, inú eyín tó ti jẹrà ló sì ti rí i. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Wọn kì í bí kòkòrò yìí mọ́ ọmọ. Ẹnu àwa tá à ń tọ́jú ọmọ ló ti máa ń bọ́ sí tiẹ̀. Ìyá á fi ṣíbí tọ́ ògì wò bóyá ó ṣì gbóná, ṣíbí yẹn náà ló máa fi fún ọmọ. Ìyá àgbà á rún ẹran lẹ́nu, á fi há ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Ìfẹ́ ni. Àmọ́ tí eyín ìyá bá ti lu ihò, kòkòrò rẹpẹtẹ ló ń bá ìfẹ́ yẹn lọ.

Kòkòrò nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ṣúgà loúnjẹ rẹ̀. Tó bá ti jẹ ṣúgà, ásíìdì ló ń yà jáde, ásíìdì yẹn ló sì ń yọ́ eyín díẹ̀díẹ̀. Ó ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí itọ́ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká máa ka iye ìgbà tí ọmọ ń fi nǹkan dídùn sẹ́nu, ká má wo bó ṣe pọ̀ tó nìkan. Ọmọ tó jẹ bisikíìtì rẹ̀ mọ́ oúnjẹ ọ̀sán, tó ṣe tán, eyín rẹ̀ á sinmi. Èyí tó ń lá bàbá dúdú láti àárọ̀ dalẹ́, eyín tiẹ̀ ò ráyè mí.

Ẹ dé Ọjà Ọ̀wọ́dé, kẹ́ ẹ wo ọwọ́ àwọn ọmọ tó jókòó ti ìyá wọn. Kí ọmọ má baà dí ọjà lọ́wọ́, súwíìtì nìyẹn, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mi ò ní kí ọmọ má jẹ bisikíìtì o. Àwọn tó jù wá lọ, Okin tí wọ́n ṣe ní Ìjàgbó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ni wọ́n jẹ dàgbà. Ìjẹkújẹ láàárín oúnjẹ sí oúnjẹ ni mò ń bá wí.

Alẹ́ ló wá burú jù. Itọ́ máa ń dín kù lẹ́nu téèyàn bá ń sùn. Ọmọ tí wọ́n bá fi fídà tí tíì oníṣúgà wà nínú ẹ̀ há lẹ́nu kó lè sùn, eyín iwájú lókè ló máa kọ́kọ́ bà jẹ́, torí ahọ́n máa ń dáàbò bo ti ìsàlẹ̀.

Ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Moréniké Foláyan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹnu àwọn ọmọ bí 500 tí wọn ò tíì pé ọdún mẹ́fà wò. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015 ni pé eyín ti jẹrà lẹ́nu 6.6 nínú 100. Ẹnì kan lè ní ó kéré. Kò kéré létí ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú wọn. Lágbàáyé, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2022 pé ọmọ mílíọ̀nù 514 ni eyín àkọ́kọ́ wọn ń jẹrà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní yóò jábọ́, òótọ́ ni, ti iwájú á jábọ́ lọ́mọ ọdún mẹ́fà sí méje. Àmọ́ eyín ọ̀gán ìdí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ọmọ fi ń rún oúnjẹ, ó di ọmọ ọdún 10 sí 12 kó tó lọ. Ṣé ọdún márùn-ún lẹ fẹ́ kí ọmọ fi máa jẹ̀rora? Kò ní jẹun dáadáa, kò ní sùn, ọkàn rẹ̀ ò ní sí nílé ẹ̀kọ́. Ìkéèlè eyín lè wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì lè ṣàkóbá fún eyín àgbà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì dá omi bátìrì tàbí ògógóró sí i o, ẹ máa jó ọmọ lẹ́nu ni.

Kí wá ni ṣíṣe? Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ bá yọ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, láàárọ̀ àti kó tó sùn, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kí ọṣẹ náà má ju hóró ìrẹsì kan lọ. Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, kó tó hóró ẹ̀wà kan. Lẹ́yìn ìyẹn lóru, omi lásán ni tàbí ọyàn ìyá.

Ẹ máa ká ètè òkè ọmọ sókè lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà funfun bí ẹfun nídìí eyín, ìkìlọ̀ nìyẹn. Ó ṣì ṣeé dá dúró nígbà náà. Tó bá ti di àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ihò, ọ̀dọ̀ dókítà eyín ló kù. Ó wà ní ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìlọrin.

Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ má fi orín yín sílẹ̀. Lọ́dún 1971 làwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé jáde pé omi inú orín wa ń pa kòkòrò. Ẹnu yín tó bá mọ́, tọmọ yín náà ló ń ṣe lóore. Àmọ́ fún ọmọ kékeré, búrọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ lò, kí orín má baà gún un ní èrìgì.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.