Ẹnu Dùn-ún Ròfọ́: Ta Ni Yóò Sanwó Ìwé Ìròyìn Yorùbá?

Bí ìwé ìròyìn Yorùbá kékeré kan bá kógbá wọlé, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ni pé ọmọ Yorùbá kò ka èdè rẹ̀ mọ́. Irọ́ ni. Òǹkàwé ń bẹ. Òǹrajà ni kò tó.

Ẹ wo ìdí àtẹ àwọn oníwèé ìròyìn láàárọ̀: ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ènìyàn mẹ́wàá ń kà lórí ìdúró, tí wọ́n ń jiyàn lé lórí, tí wọn yóò sì dá padà sórí àtẹ. Àwọn mìíràn a ya fọ́tò rẹ̀, wọn a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Bẹ́ẹ̀, òkè òkun ni bébà ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ ni ìnáwó ìtẹ̀wé ti ń ga sí i. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tí ń fi Yorùbá polówó ọṣẹ lórí rédíò kì í rántí ìwé ìròyìn Yorùbá.

Nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìròyìn ti ní iye.

Kò sí ẹni tí ń retí aṣọ ẹbí lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ló dé tí ìwé èdè baba ẹni fi di ọ̀fẹ́? Ẹni tó bá fẹ́ kí èdè yìí yè, kí ó tọwọ́ bàpò.