Ta Ni Ará Òkè?

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire inú ọgbà yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àṣà lẹ́nu àwọn kan nínú wa. Bí wọ́n bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tí aṣọ rẹ̀ kò bágbà mu, wọ́n á ní ará òkè ni. Ní Jọ́ọ̀sì ńkọ́, níbi tí gbogbo wa wà lórí òkè!

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa lọ sí abúlé àwọn Kofyar, lórí àwọn òkè ìhà gúúsù Plateau, ẹwà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń wò. Wọ́n ya fọ́tò títí. Àbí ta ni kò ní yà á? Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ní wíwò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Òkúta ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ tò ní ìpele-ìpele sára òkè, kí àgbàrá má baà gbá ilẹ̀ lọ. Nígbà òjò, wọn kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ máa jẹ̀ kiri. Inú ọgbà olókùúta ni wọ́n ń so ó mọ́, tí wọ́n á máa já ewé fún un. Ìgbẹ́ rẹ̀ àti àjẹkù ewé yóò di òkìtì, òkìtì náà ni ajílẹ̀ ọdún tó ń bọ̀. Oko etílé kan náà ni wọ́n ń dá lọ́dọọdún, ilẹ̀ kò sì ṣá. Robert Netting, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1968.

Àwọn kan ní ìbẹ̀rù ogun ẹrú ló gbé wọn gòkè. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pa òyìnbó ìjọba kan ní Latok ní 1930, ìjọba fi tipátipá kó wọn sọ̀kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ogun ẹrú ti tán nígbà náà. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba yọ̀ǹda, wọ́n padà sókè.

Àwa náà ńkọ́? Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè gbé títí di nǹkan bí 1923. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 là ń gùn kí a tó dé ààfin Ọwá àtijọ́. Ta ló tó pe Ọwá ní ará òkè?

Láti nǹkan bí 1950 sí 1960 ni ọ̀pọ̀ Kofyar ti ń fẹsẹ̀ ara wọn sọ̀kalẹ̀ lọ dá oko iṣu ní agbègbè Namu. Bí ẹgbẹ́ bá tún ń ṣètò ìrìn àjò, kí ó jẹ́ ìgbà òjò, kí a sùn síbẹ̀, kí a bẹ àgbà kan kó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń to òkúta. Kámẹ́rà kan tó gbogbo wa.