ILÉ ÀTI ÌDÍLÉ: Ìdánwò ní Ìwọdò

Ẹ kò ní ṣàìrántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìwọdò Jọ́dánì, nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Ṣíbólẹ́tì, ni àwọn ará Gílíádì fi dán àwọn tí ó fẹ́ kọjá wò. Ẹni tí kò bá lè pè é dáradára, ẹ̀mí rẹ̀ lọ sí i.

Láti ọdún 2006 ni ilẹ̀ Hólàńdì ti gbé ìdánwò kalẹ̀ sí ìwọdò tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pa ènìyàn. Àgbàlagbà láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tí ó bá fẹ́ lọ bá ọkọ tàbí aya rẹ̀ gbé níbẹ̀, ní láti kọ́kọ́ ṣe é ní ilé aṣojú ìjọba Hólàńdì. Ọ̀nà 3 ni ó pín sí: sísọ èdè Dọ́ọ̀ṣì, kíkà á, àti mímọ ìṣe ìlú náà. Kọ̀ǹpútà ni ó ń béèrè, òun náà ni a sì ń dá lóhùn.

Ọ̀ràn arábìnrin kan, ọmọ Nàìjíríà, tí ó wí pé àìlera kò jẹ́ kí òun lè ṣe é, dé ilé ẹjọ́ gíga ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje, ọdún 2015, àwọn adájọ́ wí pé ìjọba lè béèrè ìdánwò, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi í ṣe asẹ́ tí a fi ń yọ ènìyàn dànù. Ìrànlọ́wọ́ ni kí ó jẹ́, kí a sì wo ipò olúkúlùkù. Wọ́n ní owó ìgbà náà, 350 yúrò fún ìdánwò àti 110 yúrò fún ohun ìkẹ́kọ̀ọ́, lè dí ìdílé lọ́nà.

Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ wà lọ́hùn-ún, kì í ṣe owó àti aṣọ nìkan ni aya yín ń retí. Ẹ máa fi èdè náà bá a sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù lójoojúmọ́. Ẹ̀yin aya, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín bí ahọ́n bá kọsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí àìlera bá wà, ẹ tètè gba ìwé dókítà, kí ẹ sì fi han àwọn aláṣẹ. Èdè tí ẹ bá kọ́ nílé ni ẹ ó fi ra iyọ̀ ní ọjà wọn, òun ni ẹ ó sì fi bá olùkọ́ ọmọ yín sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́run tí ó so ìdílé pọ̀ mú yín la ìwọdò náà já.