Pàṣípààrọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Láàrin Ìlú Wa àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá àwọn ará Òṣogbo, Iléṣà àti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sọ, pàápàá àwọn òbí tí ń pawó jọ láti rán ọmọ lọ sí yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun, nítorí ìmọ̀ dára níbikíbi tí a bá ti rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà kan sì wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè, èyí nì ni pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

Yunifásítì méjì ni yóò bá ara wọn ṣe àdéhùn: ti ìhín yóò rán ọmọ lọ fún sáà kan tàbí ọdún kan, ti ọ̀hún yóò sì rán tirẹ̀ wá. Orúkọ ọmọ kò kúrò nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nílé. Nínú ọ̀pọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ilé ni a ti ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, a ó sì ka ohun tí ó bá kọ́ lọ́hùn-ún mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá dé. Owó ọkọ̀, oúnjẹ, ilé gbígbé àti ìwé ìrìnnà ni ó sábà kù sí òbí lọ́rùn.

Ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ kì í ṣe tuntun fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Christopher Sapara Williams, ẹni tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, gba àṣẹ agbẹjọ́rò ní London ní 1879, òun sì ni lọ́yà àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Oguntola Sapara, kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn lọ́hùn-ún, ó padà sí Èkó, ó sì gbógun ti àrùn ṣọ̀pọ̀ná. Nígbà náà kò sí yunifásítì kan ní Nàìjíríà. 1948 ni a dá ti Ìbàdàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 2006 ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti wà ní Òṣogbo, ó sì ní ẹ̀ka ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ní 2022 ni òfin sì sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Iléṣà di yunifásítì. Ọmọ wa ti ní ilé tí ó lè rán an lọ, tí ó sì lè gbà á padà.

Àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kì í ta aṣọ láwìn fún ẹni tí wọn kò mọ ilé rẹ̀. Èéṣe tí a fi ń ta ilẹ̀ bàbá wa láti rán ọmọ lọ láìní àdéhùn kankan? Láti June 2023 ni náírà ti já wálẹ̀ gidigidi, owó ẹ̀kọ́ tí a ń fi pọ́n-ùn san sì ti ju agbára ọ̀pọ̀ oníṣòwò lọ.

Kí a má sì rò pé gbígbà nìkan ni tiwa. Karin Barber, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ní Òkukù nítòsí Òṣogbo láti 1974 fún ọdún mẹ́ta, ó kọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ibẹ̀, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Birmingham. J. D. Y. Peel pẹ̀lú ṣe ìwádìí nípa Iléṣà, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1983. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Nítorí náà a ń bẹ àwọn aláṣẹ yunifásítì ní Òṣogbo àti Iléṣà pé kí wọ́n wá àdéhùn tí ó dọ́gba: bí ọmọ wa mẹ́wàá bá lọ, kí mẹ́wàá wá. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọmọ tó gbéra pé a ó ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí i. Kí ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìdánwò má sì máa yẹ̀, nítorí àjèjì kì í gbẹ́kẹ̀ lé ilé ẹ̀kọ́ tí ìyanṣẹ́lódì lè tì pa nígbàkúgbà. A sì ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ ìlú àti àwọn ọlọ́rọ̀ wa pé kí wọ́n máa san owó ọkọ̀ ọmọ tálákà tí ó mọ̀wé, kí ètò náà má baà di ti ọmọ olówó nìkan.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ta ilẹ̀, ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín, kí ẹ béèrè bóyá irú àdéhùn yìí wà. Bí kò bá sí, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.