Ibi tí ẹ bá ti mu ún ni kí ẹ ti sùn

 

Láti ìgbà tí oṣù yìí ti wọlé ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wa nípa ibi tí wọ́n máa lọ lákòókò ìsinmi. Ọ̀kan nínú wọn ló fa ọ̀rọ̀ òní. Ó ní àwọn mẹ́sàn-án fẹ́ háyà bọ́ọ̀sì kékeré láti Àjàṣẹ́, kí wọ́n gba ọ̀nà òkè lọ títí dé Natitingou, kí wọ́n sì máa yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ọtí: àwọn tó ń sè sodabi lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, àwọn tó ń ṣe tchakpalo ní Ìdàáṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn obìnrin tó ń pọn tchoukoutou ní Atacora. Ibi mẹ́wàá, ọjọ́ mẹ́ta. Mo bi í pé ta ni yóò wa ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, a ó máa gbà á lọ́wọ́ ara wa ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná. Mo fẹ́ràn ìrìn àjò yẹn. A ti mọ́ orúkọ ọtí ìgò ilẹ̀ òkèèrè lórí, ẹni tó sì ń pọn ọtí ọkà bàbà lẹ́yìnkùlé, a ò mọ ohun tó ń fojú rí. Kí ọmọ Àjàṣẹ́ lọ jókòó ti ìkòkò tchoukoutou, kó rí iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ni. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Wọ́n ka ìkòkò, wọ́n ka owó, wọn ò ka ibùsùn. Bẹ́ẹ̀, ibùsùn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Ẹ wo ọ̀nà náà fúnra yín. Láti Kútọnù dé Ìdàáṣà, bíi kìlómítà 200 ni. Ní Ìdàáṣà ni ọ̀nà ti pín sí méjì: ọ̀kan gba Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Parakou, èkejì gba Savalou àti Djougou lọ sí Natitingou. Láti ìkóríta yẹn dé Natitingou, ó ṣì lé ní kìlómítà 300. Ẹni tó bá kọ Ṣábẹ̀ẹ́ àti Natitingou sórí ìlà kan náà, ó dà bíi pé kò tíì wo máàpù rárá. Tí ẹ bá fẹ́ rí méjèèjì, ẹ gba Savalou lọ, kí ẹ gba Djougou, N'Dali, Parakou àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ò lè gbà á. Ọjọ́ mẹ́fà, bóyá. Ẹ sì rántí pé ọyẹ́ ń bọ̀: eruku àti kùrukùru àárọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn rí tírélà tó dúró sẹ́bàá ọ̀nà láìtan iná. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà tí à ń fi òru rìn, kódà fún ẹni tí kò fẹnu kan nǹkan kan.

Ó wá ku ti "a ó máa gbà á lọ́wọ́ ara wa". Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń sọ ọ́, ó sì dà bí ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò CM2 yẹ̀ ẹ́ wò. (Ẹ má bínú, wọ́n kọ́ mi ní iṣẹ́ tíṣà kí n tó dé ìdí gbohùngbohùn.)

Igbá tchoukoutou tó gba ìdajì lítà, tí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 4%, ọtí tó wà nínú rẹ̀ gan-an tó gíráàmù 16. Ìgò ńlá bíà tó jẹ́ 60 cl, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5%, ó tó gíráàmù 24. Sodabi ńkọ́? Ife kékeré kan péré, 5 cl, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 45%, ó tó gíráàmù 18. Ẹ gbọ́ o: ife kékeré yẹn, tí ẹ̀ ń dà sọ́fun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ju ìdajì lítà tchoukoutou lọ. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn kì í sáré. Bíi gíráàmù 8 ló ń mú kúrò láàárín wákàtí kan, ti ẹlòmíràn lé díẹ̀, ti ẹlòmíràn dín. Kọfí kò lè mú un yára, omi tútù kò lè mú un yára, gbígbé orí síta ní fèrèsé ọkọ̀ kò lè mú un yára. Kọfí á kàn la ojú yín ni; ọtí ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ó dáa. Ẹni tó mu igbá mẹ́ta ní aago mẹ́wàá àárọ̀, gíráàmù 48 ló mu. Ẹ pín in sí 8: wákàtí mẹ́fà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí ara rẹ̀ tó mọ́. Ẹ wá ní kó gba ọkọ̀ ní aago kan ọ̀sán torí pé "ó ti sinmi". Ẹni tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ ń kó lọ sọ́dọ̀ ìkòkò kejì láti lọ mu tirẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́sàn-án tí ara rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni gbígbà á lọ́wọ́ ara ẹni.

Àwọn kan á ní tchoukoutou kì í ṣe ọtí, oúnjẹ ni. Òótọ́ ni pé ọkà bàbà wà nínú rẹ̀, ó sì ń yóni. Ṣùgbọ́n 4% tí mo fi ṣírò yẹn, ẹ ò lè rí i kà lára igbá. Ọtí tí a fi ọwọ́ pọn kò ní àmì lára. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò lẹ́yìn tí wọ́n ti ń tà á: èyí tó dùn mọ́ yín lẹ́nu ní àárọ̀ lè ti le dáadáa ní ìrọ̀lẹ́, ìkòkò kan náà. Nítorí náà ẹni tó ń sọ pé "mo mọ ìwọ̀n mi", ìwọ̀n ta ló mọ̀?

Ohun tí mo sọ fún ọmọkùnrin náà nìyí, mo sì tún un sọ fún gbogbo yín: ẹ mú ibi mẹ́ta dípò mẹ́wàá, ibi tí ẹ bá sì ti mu ọtí ni kí ẹ ti sùn. Ẹ dé ìlú, ẹ gba yàrá, ẹ gbé ọkọ̀ sí àgbàlá, kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ tàbí sémìjàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń pọn ọtí. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀nà nìkan. Tí owó bá wà, ẹ gba awakọ̀ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ san owó oúnjẹ àti yàrá tirẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má sì máa fi igbá lọ̀ ọ́. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń bú awakọ̀ pé ó ń ṣe agídí nítorí pé ó kọ ọtí. Ẹni tó ń gbé ẹ̀mí mẹ́sàn-án dání kọ́!

Ànfààní mìíràn wà nínú kí ẹ sùn níbẹ̀, òun ló sì wù mí jù. Ẹni tó bá yà fún ìdajì wákàtí, ọtí nìkan ló máa rí. Ẹni tó bá sùn á rí iṣẹ́. Obìnrin tó ń ṣe tchoukoutou á rẹ ọkà bàbà sínú omi, á dá omi nù, á bo ọkà náà títí yóò fi hu, bí ọjọ́ méjì mẹ́ta. Á sá a, á lọ̀ ọ́, á pò ó mọ́ omi. Lẹ́yìn náà ni sísè, iná igi láti àárọ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀. Nígbà tó bá tutù ló máa fi ìwúkàrà ti ọtí àtẹ̀yìnwá sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní kpètè-kpètè, á sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí igbá kan tó dé ọwọ́ yín, kò sì pé ọjọ́ méjì tí á fi kan. Nítorí náà kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń ní ọtí. Ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀, ẹ pè é kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ bi í lọ́jọ́ wo ló máa gbé e kaná.

Tí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ ra nǹkan. Ẹ ò lè jókòó ti iná ẹni ẹlẹ́ni látàárọ̀, kí ẹ ya fọ́tò ìkòkò rẹ̀, kí ẹ tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ wá máa ná igbá kan títí. Igi ń wọ́n. Ọkà tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà ní àsìkò yìí, ó ti rọjú díẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù keje, ìkeje obìnrin náà ń pọn ọtí yìí pẹ̀lú ọkà tó wọ́n, iye igbá kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ jẹun kí ẹ tó mu. Wàgàsì ń bẹ lọ́nà Djougou àti Parakou, ẹ ò ní ṣe aláìrí jẹ. Aboyún tó bá wà nínú yín, kó wo iṣẹ́, kó jẹ wàgàsì, kó fi igbá sílẹ̀: kò sí ìwọ̀n ọtí tí a lè sọ pé kò ní ṣe oyún ní nǹkan.

Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ rí ilé tata ní Boukoumbé, lágbègbè Koutammakou tí UNESCO fi apá tiwa ní Benin kún àkójọ rẹ̀ ní 2023. Ẹ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní Natitingou ná. Láti ìparí 2021 ni àwọn agbébọn ti ń kọlu àwọn ibì kan ní Atacora àti Alibori, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ìsinmi wá ọ̀nà tó lọ sí ìhà Pendjari.

Ti sodabi yàtọ̀, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Orí á máa fọ́ wọn, ojú wọn á ṣókùnkùn, wọ́n á dákú. Àwọn kan ní òrìṣà ló bínú. Nígbà tí àyẹ̀wò dé, methanol ni, nínú ògógóró. Irú ọtí kan náà ni ògógóró àti sodabi tiwa. Methanol jọ ọtí lójú, ó jọ ọ́ lóòórùn, ahọ́n yín ò lè yà á sọ́tọ̀. Ẹni tó bá pọ́nti dáadáa láti ẹmu kì í sábà ní ìṣòro yìí. Ẹni tó ra kẹ́míkà tó fi bù mọ́ ọn ni ewu. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé, tí ẹ bá máa ra sodabi, ibi tí ẹ ti rí ọ̀pẹ, tí ẹ rí ẹmu, tí ẹ rí iná àti ọ̀pá tó ń kán, ibẹ̀ ni kí ẹ ti rà á. Èyí tí wọ́n dì sínú ike ní gáréèjì, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó sè é, ẹ fi í sílẹ̀. Tí ẹni tó mu bá ń sọ pé ojú òun ń ṣú, tàbí tó ń bì, tí orí ń fọ́ ọ gidigidi, kódà lọ́jọ́ kejì, ọsibítù ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má fi àgbo jáfara. Ẹ mú ìyókù ọtí náà dání fún dókítà.

Ẹni tó bá fẹ́ mú tchakpalo wálé fún ìyá rẹ̀, kó má dé ìdérí bidon náà pinpin. Ó ṣì ń hó. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè, ẹ máa tú u díẹ̀ ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti dúró, ẹ má sì gbé e sínú oòrùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè bú lẹ́yìn ọkọ̀ lójijì.

Ọmọkùnrin yẹn tún ránṣẹ́ lánàá. Wọ́n ti dín in kù sí ibi mẹ́rin, ó ní àwọn méjì nínú wọn ń jà lórí owó yàrá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé àlejò tí kò wọ́n ní Ìdàáṣà tàbí ní Djougou, ẹ fi ohùn sílẹ̀ fún wa kí ọ̀sẹ̀ tó parí, màá kà á lórí afẹ́fẹ́.