Ọgbà Ìgbafẹ́ Kì Í Ṣe Ìfowóṣòfò

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó kọjá, ohùn kò ṣọ̀kan lórí owó ìrìn-àjò àwọn ọmọ S.S. 2 lọ sí ọgbà ìgbafẹ́. Àwọn kan wí pé eré lásán ni, pé láàbù ni ó yẹ kí a fi owó náà tún ṣe. Àwa akẹ́kọ̀ọ́-jáde kò fojú tẹ́ńbẹ́lú èrò yìí. Síbẹ̀ a ní ọ̀rọ̀ sọ.

Nígbà tiwa, a kọ́ ọ sórí pé agbára kì í ṣègbé, pé ṣe ni ó ń pa àwọ̀ dà. A kọ ọ́ sínú ìdánwò, a sì gba máàkì. Mélòó nínú wa ni ó yé? Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ẹ wo ọkọ̀ eré orí irin tí à ń pè ní rolákósítà. Ẹ̀rọ ni ó ń fà á gun òkè àkọ́kọ́, bí ó sì ti ń gòkè ni agbára ń pamọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé ṣóńṣó, tí ó dorí kọ ìsàlẹ̀, agbára tó pamọ́ náà yóò di agbára ìrìn. Bí òkè náà bá ga ní mítà 20, eré tí ọkọ̀ náà ń sá nísàlẹ̀ lè sún mọ́ kìlómítà 70 ní wákàtí kan, láìsí ẹ̀rọ tó ń tì í. Ṣùgbọ́n irin tó ń ra mọ́ irin, àti afẹ́fẹ́ tó ń dí i lọ́nà, a máa sọ díẹ̀ nínú agbára náà di ooru. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ kò bá tún ràn án lọ́wọ́, kò lè gun òkè mìíràn tó ga tó ti àkọ́kọ́ mọ́.

Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn òbí wa: bí àwọn ọmọ bá bá fọ́tò nìkan bọ̀, owó ṣòfò. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí olùkọ́ Físíìsì bá wọn lọ. Kí wọ́n bèèrè gíga òkè náà àti gígùn ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà, kí wọ́n sì fi aago ka ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ náà fi kọjá níwájú òpó kan nísàlẹ̀. Kí wọ́n ṣírò eré rẹ̀, kí wọ́n fi wé èyí tí gíga òkè sọ. Ìyàtọ̀ tí wọ́n bá rí ni èyí tó ti di ooru. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí èyí kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Ní ti láàbù, ẹrù àwa akẹ́kọ̀ọ́-jáde ni. Ní ọdún àjọ̀dún yìí, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá owó fún un, kí a sì san owó ìrìn-àjò fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní. Ọ̀gá inú òwe Jésù kò yin ẹni tó ri tálẹ́ńtì mọ́lẹ̀. Ẹ̀bùn pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ó pamọ́ títí láé. Àmín.