Sọ́ọ̀ṣì tí ó Gba Ọdún Mọ́kànlélógún

Ẹ̀yin ará Sangisa, àti ẹ̀yin ọlọ́jà Mile 12, ẹ máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí CMS. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé orúkọ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ni? Lẹ́bàá ibẹ̀, ní Marina, ni Káthídírà ti Kristi wà, funfun báláú, pẹ̀lú ilé-ìṣọ́ gíga, ní àṣà Gothic tí àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ fi ń kọ́ sọ́ọ̀ṣì.

1867 ni a fi ìpìlẹ̀ sọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ lélẹ̀. Ti òní yìí, Bagan Benjamin ni ó ya àwòrán rẹ̀. Edward, àrẹ̀mọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní April 21, 1925. Iṣẹ́ kò parí títí di 1946. Sùúrù náà kò já sí asán. Nígbà tí ìjọba tú itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ká, ibẹ̀ ni a gbé egungun Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí ó kú ní 1891, lọ ní 1976. Ọ̀pọ̀ ibojì mìíràn ṣègbé.

Nítorí náà, bí ìjọ yín bá fẹ́ wó ilé àtijọ́ láti kọ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ kọ ọdún rẹ̀ àti orúkọ àwọn tí ó kọ́ ọ sílẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.